Lítà Epo Kan Kì Í Ṣe Kílò Kan

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo yà sí ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Totsi, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ìlú Lomé ní orílẹ̀-èdè Togo. Ọmọ Yorùbá ni ìyá náà. Òwò ló gbé e dé Lomé nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń tọ́jú ọmọ-ọmọ báyìí. Ọṣẹ ló ń sè tà. Àgbàlá rẹ̀ kún fún àwọn ike aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń ta epo, èyí tí a ń pè ní kẹ́ẹ̀gì ní Nàìjíríà, tí àwọn ará Lomé sì ń pè ní bídọ̀n.

Lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ti fi odindi bídọ̀n epo pupa kan se ọṣẹ. Ọṣẹ náà gbẹ, ó dì dáadáa, ó sì dára ní wíwò, ṣùgbọ́n kò ṣeé fọwọ́. Bí èèyàn bá fi wẹ̀, á máa ta á lára. Awọ àtẹ́lẹwọ́ ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́ ti ń bó. Ìyá náà ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó ta kọ́sítíìkì sódà fún òun ló fi nǹkan mìíràn kún un, ó sì ti ń múra láti lọ bá a jà.

Mo bi í pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe wọn epo àti sódà náà?"

Ó ní, "Ọmọ mi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe é. Wọ́n ní bí epo bá jẹ́ kílò kan, kí n fi gíráàmù 141 sódà sí i. Wọ́n tún ní kí n yọ márùn-ún kúrò nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún sódà náà, kí ọṣẹ má bàa le lára jù. Mo yọ ọ́. Ọmọ-ọmọ mi ló bá mi fi fóònù ṣírò rẹ̀. Bídọ̀n mi náà ló wà níbẹ̀ yẹn, kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

Mo wo ara bídọ̀n náà. 25 L ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lítà ni, kì í ṣe kílò. Ẹni tó ta sódà kò mọwọ́ mẹsẹ̀, fóònù ọmọ-ọmọ kò sì ṣìṣe. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n pè ní ọ̀kan ṣoṣo.

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an láàárín wa, bẹ́ẹ̀ ló sì ti pẹ́ lágbo òwò epo. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbí, nítorí epo, àdí àti ọṣẹ jẹ́ ohun ìní àwọn baba wa, ó sì yẹ kí a mọ bí a ṣe ń wọn ohun tí a jogún.

Lítà ń sọ àyè tí nǹkan gbà. Kílò ń sọ bí nǹkan náà ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá ti ru agbọ̀n òwú rí, tó tún ru agbọ̀n òkúta, kò nílò olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Agbọ̀n kan náà ni, ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò jìn sí i, ṣùgbọ́n ọrùn tó rù ú mọ ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó ń ṣàn rí. Bídọ̀n oyin, bídọ̀n omi, bídọ̀n epo àti bídọ̀n bẹntiróòlù lè jẹ́ lítà 25 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìwúwo wọn má sì dọ́gba rárá.

Ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá ti ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí lójoojúmọ́. Ẹ da epo sínú omi, ẹ rò ó bó ti wù yín, tí ẹ bá fi í sílẹ̀, epo á gòkè, omi á lọ sísàlẹ̀. Kì í ṣe pé epo pọ̀ tàbí pé ó kéré ló mú un léfòó. Ohun tó mú un léfòó ni pé bí a bá bu ife epo kan àti ife omi kan, ife epo ló fúyẹ́ jù. Ìwúwo tí lítà kan nǹkan ní yìí ni àwọn olùkọ́ nílé ìwé ní Lomé ń pè ní masse volumique, tí àwọn ti Nàìjíríà ń pè ní density. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo kàn máa pè é ní ìwúwo lítà kan, nítorí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rò pé lítà kan àti kílò kan dọ́gba? Omi ló fà á. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan lóòótọ́, kò sì ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Faransé ń ṣe òfin òṣùwọ̀n tuntun wọn lọ́dún 1795, inú omi ni wọ́n ti mú ìwúwo jáde: wọ́n ní gíráàmù kan ni ìwúwo omi mímọ́ tó kún àpótí kékeré kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún kan irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni lítà kan, ẹgbẹ̀rún gíráàmù sì ni kílò. Lọ́dún 1799 wọ́n rọ kílò onírin kan tí wọ́n fi pamọ́ sí Paris kí gbogbo ayé lè máa wò ó. Láti ọdún 2019, kì í ṣe irin ni wọ́n fi ń ṣe ìtumọ̀ kílò mọ́, ṣùgbọ́n lítà omi kan kò tíì kúrò ní bí kílò kan. Ọ̀dọ̀ omi ni ìbáṣepọ̀ yìí wà o. Ẹni tó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ epo ti gbé e kúrò níbi tí wọ́n ti bí i.

Fún epo pupa, ní irú ooru tó wà nínú ilé ní Lomé tàbí ní Èkó, lítà kan jẹ́ nǹkan bíi kílò 0.91, ìyẹn gíráàmù 910. Ó lè dín díẹ̀, ó sì lè lé díẹ̀, bí epo náà bá ṣe gbóná tó àti bó bá ṣe dì tó. Àdí àti òróró àgbọn kò jìnnà sí i: láàárín 0.90 sí 0.92 ni gbogbo wọn wà. Òróró ẹ̀pà náà wà níbẹ̀, òróró sóyà lè lé 0.92 díẹ̀. Kò sí èyí tó dé 1, torí náà kò sí èyí tó ń rì sínú omi.

Bí a bá ti mọ ìwúwo lítà kan, iṣẹ́ ti parí. Ẹ mú iye lítà, ẹ fi ìwúwo lítà kan sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tó bá jáde ni kílò. Bídọ̀n ìyá wa ní Totsi: 25 ní ìlọ́po 0.91, ó jẹ́ kílò 22.75. Bí ó bá jẹ́ kílò lẹ ní lọ́wọ́ tí ẹ fẹ́ mọ iye lítà rẹ̀, ẹ pín kílò náà sí 0.91. Ẹni tó bá fẹ́ kílò 10 epo á bu lítà 11 dín díẹ̀. Bí ẹ kò bá rántí èwo ni ìsọdipúpọ̀, èwo ni pínpín, ẹ bi ara yín léèrè ọ̀rọ̀ kan: epo fúyẹ́ ju omi lọ, àbí kò fúyẹ́? Ó fúyẹ́. Nítorí náà, iye kílò epo gbọ́dọ̀ kéré sí iye lítà rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ìdáhùn yín bá wá ní kílò pọ̀ ju lítà lọ, ẹ ti gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Ẹlòmíràn á sọ pé, "Èmi kò gba 0.91 yín gbọ́, epo tèmi nípọn." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ gbà á gbọ́, ẹ lè wọn tiyín fúnra yín. Ohun tí ẹ nílò ni òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń lò, èyí tó ń ka gíráàmù, àti ike omi kan tó ti ṣófo. Ẹ wọn ike náà ní òfìfo pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Ẹ rọ omi kún un dé ẹnu, ẹ dé e, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ da omi náà nù, ẹ jẹ́ kí inú ike gbẹ dáadáa, kí ẹ wá rọ epo kún un dé ibi tí omi dé gan-an, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ ìwúwo ike òfìfo kúrò nínú méjèèjì, kí ẹ sì pín ti epo sí ti omi.

Ká ní ike òfìfo jẹ́ gíráàmù 35. Pẹ̀lú omi ó di 1,575, nítorí náà omi nìkan jẹ́ 1,540. Pẹ̀lú epo ó di 1,436, epo nìkan jẹ́ 1,401. Bí a bá pín 1,401 sí 1,540, ó fún wa ní 0.91. Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀: lítà 1.5 ni wọ́n kọ sí ara irú ike bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó wọ inú rẹ̀ dé ẹnu jẹ́ gíráàmù 1,540. Ike máa ń gbà ju ohun tí wọ́n kọ sí i lára lọ bí a bá kún un dé ẹnu, bídọ̀n náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí fi dára. Kò gbára lé ohun tí wọ́n kọ sí ike, kò gbára lé ojú ẹnikẹ́ni. Omi ni a fi ṣe ẹlẹ́rìí, ike kan náà ni a lò fún méjèèjì. Òtítọ́ ni pé omi tó wà nínú ooru ilé wa fúyẹ́ díẹ̀ ju kílò kan lọ ní lítà, ṣùgbọ́n kò tó gíráàmù márùn-ún, kò lè da ọṣẹ rú.

Ooru ló lè da nǹkan rú. Epo tó gbóná máa ń wú, kì í wúwo sí i, àyè tó gbà ló ń pọ̀ sí i. Nígbà tí epo pupa bá gbóná dé ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìwúwo lítà kan á ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 0.89. Àwọn tó ń ra epo níbi tí wọ́n ti ń fún un mọ èyí lójú kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lórí ìwé: wọ́n á rọ epo gbígbóná kún bídọ̀n, nígbà tí wọ́n bá fi máa délé, epo á ti lọ sílẹ̀, wọ́n á máa wo ara wọn lójú pé ta ló bu nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bu nínú rẹ̀. Lítà 25 tí wọ́n rọ ní gbígbóná bẹ́ẹ̀ fi nǹkan bí ìlàjì kílò dín sí lítà 25 tí wọ́n rọ ní tútù. Ẹni tó ń ra epo púpọ̀ tó fẹ́ kí owó òun pé, kó dúró kí epo tutù kó tó wọ̀n ọ́n, tàbí kó rà á ní kílò. Kílò kì í yí padà nítorí ooru.

Àwọn baba wa kò fi ìwúwo ta epo. Àyè ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: igbá, agbè, ìkòkò, ìgò, ṣágo. Nígbà tí kẹrosíìnì òyìnbó dé nínú páànù onígun mẹ́rin, a sọ páànù náà di garawa, ó sì di òṣùwọ̀n epo pupa káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni garawa yìí ń gbà, ìyẹn lítà 18 àti díẹ̀. Garawa omi kan jẹ́ nǹkan bíi kílò 18. Garawa epo pupa kan jẹ́ kílò 16 àbọ̀. Garawa kẹrosíìnì, tí lítà rẹ̀ kan kò ju nǹkan bíi 0.80 lọ, jẹ́ kílò 14 àbọ̀. Alágbàárù tó ru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárọ̀ ọjọ́ kan á sọ ìyàtọ̀ wọn fún yín láìwo òṣùwọ̀n kankan.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le ni etíkun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí òwò ẹrú ń kásẹ̀ nílẹ̀, epo pupa ló di ọjà pàtàkì tí àwọn ọkọ̀ òyìnbó ń wá kó ní Èkó, Àgbádárìgì, Porto-Novo, Ouidah, títí dé Agoué, àti dé Aného tí òun wà ní Togo lónìí. Ọṣẹ àti àbẹ́là ni wọ́n ń fi í ṣe lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń fi kùn ẹ̀rọ. Ní etíkun níhìn-ín, gálọ́ọ̀nù àti àgbá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Ní Liverpool, tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń tà á. Àyè ní ìhín, ìwúwo ní ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tọ́ọ̀nù àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ pọ́n-ùn 2,240, ìyẹn nǹkan bíi kílò 1,016. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1824 sọ pé gálọ́ọ̀nù kan ni àyè tí pọ́n-ùn 10 omi gbà. Ẹni tó bá wá rò pé epo wúwo bí omi á rò pé gálọ́ọ̀nù 224 ti tó láti di tọ́ọ̀nù kan. Kò tó. Gálọ́ọ̀nù epo kan kò ju pọ́n-ùn 9.1 lọ, nítorí náà tọ́ọ̀nù kan gba nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 246. Ìyàtọ̀ gálọ́ọ̀nù 22 ni, ìyẹn ju garawa márùn-ún lọ, lórí tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ra ní gálọ́ọ̀nù tó sì ń tà ní tọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ní iye yìí lórí, bí kò bá ní i, èrè rẹ̀ á jò dànù kí ọkọ̀ tó dé èbúté. Àwọn oníṣòwò tó wà níbẹ̀ ní i lórí dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni àgbẹ̀ tó fún epo náà, nítorí kò sí ìdí tí wọ́n á fi sọ fún un.

Irú èyí ṣì ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà títí dòní. Ká ní obìnrin kan ra bídọ̀n lítà 25 epo, tí ó ṣírò pé lítà kan jẹ́ 1,000 sẹ́fà, ó san 25,000. Ilé oúnjẹ kan wá sọ fún un pé àwọn á máa gba epo lọ́wọ́ rẹ̀ ní kílò, 1,000 sẹ́fà ní kílò kan. Ó gbà, ó rò pé ojú owó lòun ń tà á, pé èrè á wá bó bá yá. Nígbà tí wọ́n gbé epo lé òṣùwọ̀n, kílò 22.75 ni, 22,750 sẹ́fà ni wọ́n ka fún un. Ó ti pàdánù 2,250 lórí bídọ̀n kan, kò sì sí ẹni tó jí i. Bó bá fẹ́ gba ojú owó rẹ̀ lásán, kílò kan kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ ju 1,100 lọ. Bí ẹ bá ń dúnàádúrà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá lítà ni wọ́n ń sọ tàbí kílò.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìwúwo la lè fi mú ẹni tó bá fi omi lú epo. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí èèyàn bá bu lítà mẹ́ta omi sínú bídọ̀n tó sì fi epo lítà 22 kún un, ìwúwo rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi kílò 23. Epo gidi jẹ́ 22.75. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta kílò kan, òṣùwọ̀n ọjà tí wọ́n fi ń wọn àpò iṣu kò lè rí i. Ó sàn kí ẹ bu epo láti ìsàlẹ̀ bídọ̀n sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nísàlẹ̀, ojú yín á sì rí i.

Fún àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí òkè òkun, ìṣirò yìí wúlò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ló ń gba ẹrù kílò 23. Bídọ̀n epo lítà 25 tó kún jẹ́ kílò 22.75, ó jọ pé ó wọlé. Ẹ rántí pé bídọ̀n náà ní ìwúwo tirẹ̀. Bí òun nìkan bá jẹ́ kílò kan, ó ti di 23.75, wọ́n á sì ní kí ẹ sanwó tàbí kí ẹ dà á nù. Kílò 22 ló kù fún epo, ìyẹn lítà 24 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó di ẹrù, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ ń gba epo rárá.

Oyin ni tirẹ̀ yàtọ̀. Lítà oyin kan jẹ́ nǹkan bíi kílò 1.4, ó wúwo ju omi lọ dáadáa, ìgò rẹ̀ tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà sì lé ní kílò kan. Ẹni tó bá ń ra oyin ní lítà tó ń tà á ní kílò á jèrè níbi tí ẹlẹ́pò ti ń pàdánù. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju gbogbo wọn lọ, lítà rẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi 0.74. Kò tó kílò 19 tí bídọ̀n lítà 25 rẹ̀ fi wà, nítorí náà ẹ má fi ìwúwo dá iye rẹ̀ mọ̀ bí ẹ ti ń ṣe pẹ̀lú omi.

Ó wá ku ọṣẹ ìyá wa. Ọṣẹ ni a fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù, nítorí ara èèyàn ló ń lọ.

Nínú ọṣẹ sísè, sódà àti epo ń jẹ ara wọn ni. Sódà tó bá rí epo tó tó á parí sínú ọṣẹ, kò ní sí sódà mọ́. Èyí tí kò bá rí epo á dúró gẹ́gẹ́ bí sódà, á sì máa jó ara. Kì í ṣe àyè tí epo gbà ni sódà ń wò, ìwúwo rẹ̀ ló ń wò. Kílò 22.75 epo pupa ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 3.21 kọ́sítíìkì sódà kí ó tó parí pátápátá. Ìyá wa ṣírò tirẹ̀ lórí kílò 25. Ìyẹn jẹ́ 3.525. Ó yọ márùn-ún nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ku 3.35. Ẹ rí i pé ó ṣì ju 3.21 lọ. Ohun tó yọ nítorí ààbò kò tó láti bo àṣìṣe lítà àti kílò, nítorí àṣìṣe náà jẹ́ mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan bíi gíráàmù 140 sódà ló ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ náà láìrí epo jẹ. Òun ló ń bó ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́.

Àwọn tó ń fi omi eérú se ọṣẹ dúdú kì í ní wàhálà yìí bẹ́ẹ̀. Omi eérú kò le tó kọ́sítíìkì sódà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń fi kún epo lórí iná, tí wọ́n ń fi ojú àti ọwọ́ wò ó títí ọṣẹ á fi dé. Wọn kò nílò kílò, nítorí ìkòkò náà ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Kọ́sítíìkì sódà kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa wọ̀n ọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí a sì ti mẹ́nu kàn án, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, ẹ da sódà sínú omi tútù, ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí, kó má bàa ta sí yín lójú.

Ìyá náà bi mí bóyá kí òun kó ọṣẹ náà dànù. Mo ní rárá. Sódà tó fi sí i, kílò 25 epo ló ń dúró dè, 22.75 ló sì rí. Ohun tó kù ni kílò 2.25, bí a bá sì pín in sí 0.91, ó jẹ́ lítà méjì àbọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó rẹ́ ọṣẹ náà wẹ́wẹ́ padà sínú ìkòkò, ó bu omi díẹ̀ sí i, ó fi iná pẹ̀lẹ́ yọ́ ọ, ó sì bu lítà méjì àbọ̀ epo lé e, ó ń rò ó títí ó fi jọ ara wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ọṣẹ náà ti gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi wẹ̀ kó tó gbé e lọ sọ́jà. Ó ti fi káláà pupa kọ 22.75 gàdàgbà sí ara gbogbo bídọ̀n tó wà ní àgbàlá rẹ̀.